Abẹ Gígùn Láìsí Ọgbẹ́: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Abẹ gígùn ni abẹ tí ojú rẹ̀ máa ń ká wọ inú èèkù, tí ẹni tó ń lò ó sì máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí láìsí ohun kan tó dáàbò bo awọ. Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ béèrè. A ti ṣa àwọn tó jọra pọ̀. Kí a lè jọ gbọ́ ara wa yé: ojú abẹ ni ibi tó ń gé, ẹ̀yìn abẹ ni ibi tó nípọn, ṣóńṣó ni orí rẹ̀ níwájú, ìdí ojú abẹ ni igun tó súnmọ́ ọwọ́, ọrùn abẹ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìka ń dì mú, ìrù abẹ sì ni irin kékeré tó ká sókè kọjá ibi tí èèkù ti so mọ́ ọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi abẹ gígùn fá irùngbọ̀n ni mò ń gé ara mi, pàápàá ní ẹ̀bátí àti àgbọ̀n. Abẹ náà mú dáadáa. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?

Ibi tí ẹ dárúkọ ti tú àṣírí. Ní ẹ̀bátí, igun abẹ ló ń gún yín. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá kọjá lọ fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ṣóńṣó ló kọjú sí etí. Tí ó bá ń fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìdí ojú abẹ ló súnmọ́ etí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í wo igun wọ̀nyí rárá. Àárín abẹ níbi tí irun ti ń kúrò ló máa ń wò, nígbà tí igun ti lọ kan ìsàlẹ̀ etí. Igun tó súnmọ́ etí ni kí ẹ máa wò nínú dígí, kí ẹ sì fi ìka kan tẹ etí sẹ́yìn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ṣóńṣó abẹ yín bá ní igun mímú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ rí roboto. Abẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 5/8 íǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 16, ló rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ ọ: kò wúwo jù, kò sì dí ojú yín lọ́wọ́ láti rí ibi tí ẹ ń fá.

Àgbọ̀n ní ìdáhùn tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó kan gbogbo ojú. Ojú abẹ tó ń rìn síwájú tààrà, tó dojú kọ irun, lè fò kọjá lórí awọ láì ṣe é ní nǹkan kan bó ti wù kó mú tó. Ìgbà tó bá yọ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́, tó gba gígùn ara rẹ̀ lọ, ni ọgbẹ́ ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń gé ẹran mọ̀ pé tí ọ̀bẹ bá kàn jókòó lé ẹran, kò níí wọlé tó bẹ́ẹ̀, àfi tí a bá fà á lọ fà á bọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe yí abẹ padà nígbà tó ṣì wà lára awọ. Tí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀nà, tí ẹ bá fẹ́ sín, tí ẹnìkan bá pè yín, ẹ gbé abẹ kúrò lójú pátápátá kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Bí a ṣe ń dì í mú nìyí: ẹ ṣí èèkù kọjá ibi tí yóò fi tò gbọọrọ pẹ̀lú abẹ, kó dúró sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìka mẹ́ta lórí ọrùn abẹ, ọmọńdinrín lórí ìrù, àtàǹpàkò lábẹ́ ọrùn. Bí ẹni di ẹyin ni kí ẹ ṣe dì í, ọwọ́ tó bá le gírígírí kì í mọ̀ ọ́n lára nígbà tí abẹ bá ń kọ́ irun.

Igun tí abẹ fi dúró sí awọ ló kù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ abẹ pẹrẹsẹ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ kan awọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè títí àlàfo abẹ́ rẹ̀ yóò fi tó ìnípọn ẹ̀yìn abẹ náà lẹ́ẹ̀kan, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ó pọ̀ jù. Kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi dígírì 30 lọ. Tó bá relẹ̀ jù, yóò máa fa irun tu dípò kó gé e. Tó bá ga jù, yóò máa ha awọ, ibẹ̀ sì ni ojú yóò ti máa ta yín bí ata lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán. Etí yín náà lè ràn yín lọ́wọ́: nígbà tí igun bá dára, ẹ ó máa gbọ́ ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun ṣe ń gé. Tí ìró náà bá dákẹ́ lójijì níbi tí irun ṣì wà, ẹ dúró, ẹ wo igun yín.

Ọwọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣeré, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́. Òun ló ń na awọ kó tẹ́. Awọ tó rọ̀ máa ń ká jọ níwájú abẹ, abẹ á sì gun orí ìkákò náà. Ẹ gbé ìka sí ẹ̀yìn abẹ, níbi tó ti ń bọ̀, ẹ fa awọ lòdì sí ọ̀nà tí abẹ ń lọ. Ọṣẹ yóò mú kí ìka máa yọ̀, nítorí náà ẹ ní aṣọ ìnura gbígbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún ọwọ́ yẹn nìkan, tàbí kí ẹ fi ìka ra álọ́ọ̀mù, ìyẹn òkúta tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tó tutù díẹ̀. Á dì mọ́ awọ.

Ẹ má tẹ abẹ. Ìwúwo rẹ̀ tó. Kí ìrìn kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nìkan ni kí ẹ fi abẹ gígùn fá, láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ sì fi ṣéfín sítíkì tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ parí ìyókù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fi ọrùn kún un. Àgbọ̀n àti ètè òkè ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fá gbogbo ojú lọ́jọ́ kìíní ló máa ń kọ lẹ́tà sí wa.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi abẹ tó kúnu díẹ̀ kọ́ ọ kó má baà gé mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá o. Abẹ tó kúnu á dúró sórí irun, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kó lè lọ, irun á já lẹ́ẹ̀kan náà, agbára tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ á sì gbé abẹ wọnú awọ. Ọgbẹ́ abẹ tó kúnu a máa jìn ju ti abẹ tó mú lọ, kì í sì í tètè san nítorí pé etí rẹ̀ kì í gún.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìrìn ọwọ́ nìkan, ẹ lẹ bébà tó ní àtè mọ́ ojú abẹ látòkèdélẹ̀, kí ẹ fi fá ọṣẹ kúrò lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fẹ́ bàlúùnù kan, ẹ fi ọṣẹ kùn ún, ẹ fi abẹ gan-an fá ọṣẹ náà kúrò. Bàlúùnù kì í gba àṣìṣe: ẹ̀yìn abẹ tó bá ga jù, tàbí ìyọ̀ ẹ̀gbẹ́ kékeré, ó ti bẹ́.

Ẹ má fi àtàǹpàkò dán abẹ wò. Ẹ gbé e kọjá lórí irun apá ní bíi mìlímítà 5 sókè awọ. Tó bá ń gé irun láì fọwọ́ kan awọ, ó ti ṣe é lò. Ọ̀pọ̀ abẹ tuntun kì í tíì mú tó láti fá irùngbọ̀n nígbà tó bá kúrò nílé iṣẹ́ tó rọ ọ́, ó ṣì ní láti gorí òkúta. Òkúta oní-1000 (bí nọ́ńbà òkúta bá ṣe ga tó ni ó ṣe ń dán tó) ló ń ṣe ojú tuntun fún abẹ, oní-8000 títí dé oní-12000 ló sì ń parí rẹ̀. Ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Pípọ́n abẹ lórí òkúta jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ẹni tó bá sì ń kọ́ ọ pọ̀ mọ́ fífá kò níí mọ èyí tó ń gé òun nínú méjèèjì.

Abẹ mi dára nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó pọ́n ọn. Láti ìgbà tí mo ti ń fi awọ ẹran tí a fi ń na ojú abẹ tún un ṣe, ó ń burú sí i ni, mo sì ti gé awọ náà níbi méjì.

Awọ kì í pọ́n abẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń na ojú abẹ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé irun lè tẹ̀ ẹ́, padà sí gbọọrọ. Tí ọwọ́ bá sì ṣe é ní ìdàkejì, òun náà ló ń tẹ ojú abẹ.

Ẹ fi awọ kọ́ nǹkan tó dúró ṣinṣin, ẹ fà á kó le, kó má sọ̀ láàárín. Awọ tó sọ̀ á ká mọ́ ojú abẹ lábẹ́, á sọ ọ́ di roboto, èyí ló sì ṣeé ṣe jù pé ó ń bá tiyín jẹ́. Ẹ tẹ́ abẹ pẹrẹsẹ, kí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ kan awọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣáájú, ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ní òpin awọ, ẹ kọ́kọ́ dúró, kí ẹ yí abẹ lórí ẹ̀yìn rẹ̀ láì gbé e kúrò lára awọ, kí ẹ tó padà. Ibi tí ẹ ti gé awọ yẹn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé ibi tí ẹ ti ń yí abẹ ni: ọwọ́ ti ń padà bọ̀ nígbà tí ojú abẹ kò tíì yí tán. Kò sí ẹni tó ń lé yín. Eré tí ẹ rí ọ̀gá onígbàjámọ̀ tó ń sá kò wúlò fún abẹ, ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára ni.

Àlọ àti àbọ̀ 20 sí 30 lórí aṣọ líle, lẹ́yìn náà 40 sí 50 lórí awọ, kí ẹ tó fá irùngbọ̀n. Gígé kékeré létí awọ, ẹ fi sáńpépà dídán ha á kó tẹ́. Tó bá jìn, tó sì wà láàárín, ẹ pààrọ̀ awọ náà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí abẹ bá kọjá níbẹ̀ ni yóò máa kọ́ ọ. Abẹ tiyín ní láti padà sórí òkúta ná.

Èwo ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀: abẹ gígùn gidi tàbí èyí tí wọ́n ń ki bíléèdì bọ̀ lẹ́nu?

Èyí tí wọ́n ń ki bíléèdì bọ̀ kò nílò awọ tàbí òkúta. Ẹ ṣẹ́ bíléèdì olójú méjì sí méjì, ẹ ki ìdajì kan bọ̀ ọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ó tinrin, ó sì máa ń mú gan-an nígbà tó bá ṣì wà ní tuntun. Ara abẹ náà fúyẹ́, ìyẹn ń mú kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, igun bíléèdì méjèèjì sì máa ń yọ síta díẹ̀. Kì í dárí jini. Ẹni tó bá lè rí ẹni tí yóò máa bá a pọ́n abẹ, a gbà á nímọ̀ràn abẹ gidi. Ẹni tí kò bá rí, kó lo èyí tó ń pààrọ̀ bíléèdì, kí igun rẹ̀ relẹ̀ díẹ̀ sí i, kó sì yẹ ẹnu rẹ̀ wò kó tó kan ojú, bóyá bíléèdì náà dúró gbọọrọ. Ẹ má kọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìwúwo wọn yàtọ̀, ọwọ́ á dàrú.

Ọṣẹ wo ni kí n lò? Tèmi máa ń gbẹ kí n tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Irú ọṣẹ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan, omi inú rẹ̀ ló já mọ́ ọn. Ẹ fọ ojú pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, tàbí kí ẹ fá a lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀ tán, irun tó ti mu omi rọrùn láti gé ju èyí tó gbẹ lọ. Ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú omi, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi yí ọṣẹ lórí fún ìwọ̀n ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ wá máa po ó pẹ̀lú omi díẹ̀díẹ̀. Ìfófó tó dára máa ń dán, kì í ní ìhò afẹ́fẹ́ ńláńlá, kì í sì í dúró gan-an bí òwú. Tó bá dà bíi pé ó pọ̀ tó sì fúyẹ́, omi ló kù. Ẹ kùn ún sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú, ẹ fá a tán, kí ẹ tó kun ìkejì. Ẹ má gbé abẹ gba ibi tí ọṣẹ ti kúrò láì tún un kùn.

Mo ti mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé àgbọ̀n, ètè òkè àti gògóńgò.

Abẹ tò gbọọrọ, àgbọ̀n sì ká. Bí ẹ bá gbé gbogbo gígùn abẹ lé e, ibi kékeré kan péré ni yóò kan, gbogbo ìwúwo á sì bọ́ síbẹ̀. Ẹ sọ ibi tó ká di ibi tó tẹ́: ẹ fi ètè ìsàlẹ̀ bo eyín, ẹ fà á wọlé, iwájú àgbọ̀n á nà. Fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìka fa awọ àgbọ̀n lọ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ fá a níbẹ̀ tó ti tẹ́jú. Ìrìn abẹ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Irun ibẹ̀ le ju ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọṣẹ pẹ́ lórí rẹ̀. Tí abẹ bá dúró, ẹ má tì í. Ẹ gbé e, ẹ dín igun rẹ̀ kù, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lókè díẹ̀.

Ètè òkè: ẹ fà á sísàlẹ̀ bo eyín. Apá iwájú abẹ, nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ níhà ṣóńṣó, ni ẹ ó lò, láti abẹ́ imú wá sísàlẹ̀. Ẹ rọra gbé orí imú sókè kí àyè lè wà. Ẹ má fá a ní ìbú láé, nítorí pé ètè ni abẹ yóò bá pàdé.

Gògóńgò kò ṣe é fá lórí ara rẹ̀. Ẹ yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ẹ fa awọ orí rẹ̀ kúrò lọ síbi tó tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fá a. Ẹ gbé itọ́ mì kí abẹ tó kan ọrùn, kì í ṣe nígbà tó wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó dé ọrùn rárá, ẹ mọ ọ̀nà tí irun yín ń lọ. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, irun ọrùn tiyín kò sì dà bí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí irun bá ti hù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ fi ìka ra á káàkiri: ọ̀nà tó bá ti yọ̀ ni irun ń lọ, ọ̀nà tó bá ti há ìka ni òdì rẹ̀. Lọ́rùn ọ̀pọ̀ ènìyàn, irun máa ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sókè, àwọn tó sì ń fá a láti òkè wá sísàlẹ̀ rò pé ọ̀nà irun ni àwọn ń tẹ̀lé.

Irun mi ká. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kókó kéékèèké máa ń yọ lọ́rùn mi lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Èyí kì í ṣe ọgbẹ́ abẹ. Irun tó ká, tí a gé súnmọ́ awọ jù, máa ń yí padà gún awọ wọlé, ara á sì wú lé e lórí. Níbí, ìmọ̀ràn tí a fún àwọn yòókù kò bá yín mu tán: bí ẹ bá na awọ gan-an, irun tí ẹ gé á sá wọ abẹ́ awọ nígbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ẹ nà án níwọ̀nba tí kò níí fi ká jọ, ẹ tẹ̀lé ọ̀nà irun, ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀. Má fá a lòdì. Bí kókó bá ti wà níbẹ̀ báyìí, ẹ má gbé abẹ kọjá lórí wọn, orí kókó ni abẹ á gé. Ẹ sinmi abẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹ máa lo kílípà tó ń fi bíi mìlímítà 1 sílẹ̀. Ní tòótọ́, àwọn kan wà tí kílípà yẹ ju abẹ èyíkéyìí lọ títí ayé, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Tí mo bá gé ara mi, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ gbé abẹ kalẹ̀. Tó bá ń bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó bọ́, ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ má gbìyànjú láti hán an. Ẹ fi omi tútù ṣan ojú. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lábẹ́ awọ ojú, nítorí náà gígé kékeré lè ṣe bí ńlá. Fún ọgbẹ́ tó rí bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ tẹ álọ́ọ̀mù tútù mọ́ ọn, yóò ta díẹ̀, yóò sì dá. Èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 10 láì ṣí i wò, ṣíṣí i wò ló ń mú kó tún bẹ̀rẹ̀. Tí etí ọgbẹ́ bá là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan abẹ gígùn rárá.

Ẹ má fá ojú ibẹ̀ títí yóò fi san, ẹ sì wo ojú abẹ yín lábẹ́ iná: bí ẹ bá rí ibi tó ń kọ mọ̀nà lórí rẹ̀, ó ti ṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi abẹ kan etí àwo omi ló sábà máa ń ṣẹ́. Aṣọ tútù ni a fi ń nu ọṣẹ kúrò lára rẹ̀, láti ẹ̀yìn lọ sí ojú.

Ṣé èmi àti àbúrò mi lè jọ máa lo abẹ kan?

Rárá. Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B àti C àti kòkòrò HIV lè gba inú ẹ̀jẹ̀ tí a kò fojú rí lórí abẹ, ọṣẹ àti omi inú ilé kò sì tó láti pa wọ́n. Awọ tí ẹ fi ń na abẹ náà kò yẹ kí ẹ jọ lò. Ẹ ra abẹ méjì, awọ méjì, kí ẹ sì sàmì sí èèkù kí wọ́n má baà pààrọ̀.